Akẹ́kọ̀ọ́ fisiotẹ́rápì: Lára aláìsàn ni wọ́n ti ń mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ wọn ní ti ará oko?

Ẹni tó bá dé ẹ̀ka fisiotẹ́rápì ní ilé ìwòsàn ńlá kan láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ohun àkọ́kọ́ tí yóò rí ni èrò. Bàbá tí ọwọ́ rẹ̀ kan rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ìyá tó fi ọwọ́ ti ẹ̀yìn, ọmọ ọdún méjì tí ọrùn rẹ̀ kò tíì dúró, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọ̀kadà ṣe léṣe. Ohun kejì tí yóò rí ni àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n wọ aṣọ funfun, tí wọ́n mú bírò àti ìwé dání, tí wọ́n yí ibùsùn kan ṣoṣo ká. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó débẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ló máa ń rò pé dókítà ni gbogbo wọn. Wọn kì í ṣe dókítà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, iṣẹ́ ni wọ́n wá kọ́, ara ẹni tó sùn sórí ibùsùn yẹn gan-an sì ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ ọ.

Fisiotẹ́rápì kì í ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tàbí oògùn. Ọwọ́, eré ìmárale, ooru, omi àti iná mànàmáná tí kò pọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, kí okun lè padà sínú iṣan tó ti rọ, kí oríkèé tó gan lè máa tẹ̀, kí ẹni tó dùbúlẹ̀ lè jókòó, kí ẹni tó jókòó lè dìde. Àwọn kan ń pe àwọn oníṣẹ́ náà ní àwọn tó ń fọwọ́ ra ara. Orúkọ yẹn kò tó wọn. Ẹni tó ń fọwọ́ ra ara lásán kò ní láti mọ ibi tí iṣan kọ̀ọ̀kan ti so mọ́ eegun, bẹ́ẹ̀ ni kò ní láti mọ ìgbà tí ọwọ́ kò gbọdọ̀ kan ibi kan rárá.

Ẹ jẹ́ ká fi bàbá àgbẹ̀ kan ní ìgbèríko ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ẹ̀jẹ̀ ríru sì fa àrùn rọpárọsẹ̀ fún. Dókítà ti ṣe tirẹ̀, ẹ̀mí kò bọ́. Ohun tó kù báyìí ni bóyá bàbá yìí yóò tún lè di ọkọ́ mú, tàbí ọmọ rẹ̀ kan ni yóò fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí ó lè máa gbé e lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Ọwọ́ ẹni tó ń ṣe fisiotẹ́rápì ni ìyẹn kù sí, àti ọwọ́ bàbá fúnra rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀. Bí oníṣẹ́ náà kò bá rí aláìsàn tó pọ̀ tó nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, tí kò sì rí ọ̀gá tó tọ́ ọ sọ́nà, orí irú bàbá yìí ni àìmọ̀ rẹ̀ yóò já lé. Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ aláṣọ funfun yìí fi kan àwọn ará oko ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

IGBOBI LÓ TI BẸ̀RẸ̀

Ogun ló mú iṣẹ́ náà wọ Nàìjíríà. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó jà ní Burma nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbé ọgbẹ́ àti eegun kíkán bọ̀ wálé. Igbobi ní Èkó ni wọ́n ti ń tọ́jú irú àwọn bẹ́ẹ̀, ní 1945 sì ni ibẹ̀ di ilé ìwòsàn eegun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ títí dòní. Ọdún yẹn náà ni àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì tó mọ fisiotẹ́rápì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà dójú ìwọ̀n láyé ìgbà yẹn, ìlú ọba ló ń wọkọ̀ lọ.

Ní 1959 ni àwọn díẹ̀ tó ti kọ́ ọ kó ara wọn jọ, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, Nigeria Society of Physiotherapy. Nígbà tó di 1966, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ fún oyè, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń kọ́ṣẹ́ lára aláìsàn ní UCH ní Oríta Mẹ́fà, ilé ìwòsàn tí wọ́n ṣí ní 1957. Yunifásítì Èkó àti ti Ilé-Ifẹ̀ náà tẹ̀lé e. Ní 1988 ni ìjọba ṣe òfin tó dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti máa forúkọ àwọn oníṣẹ́ náà sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣàdéédéé gbé pátákó kọ́ sẹ́nu ọ̀nà.

Ọdún márùn-ún ni wọ́n ti ń fi kọ́ ọ ní yunifásítì láti ọjọ́ pípẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ti ń sún un sí mẹ́fà báyìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìwé ni, àti òkú ènìyàn tí wọ́n fi ń mọ bí ara ṣe rí nínú, àti ara àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí wọ́n ń fi dánra wò. Tó bá dé àárín ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n wá ń wọ wọ́ọ̀dù. Wọ́n ń lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dọ̀ àwọn tí eegun wọn kán, kí wọ́n tó ṣí lọ sọ́dọ̀ àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú, lẹ́yìn náà sọ́dọ̀ àwọn ọmọdé, sọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, àti sínú yàrá àwọn tí àìsàn wọn le débi pé ẹ̀rọ ló ń bá wọn mí. Níbi kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá kan wà tí yóò máa wò wọ́n, tí yóò sì fọwọ́ sí ìwé pé lóòótọ́ ni wọ́n ṣe ohun tí wọ́n ní àwọn ṣe.

Àjọ àgbáyé fún iṣẹ́ náà, World Physiotherapy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951, dá a lábàá pé kí ìkọ́ṣẹ́ lára aláìsàn kó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wákàtí 1,000 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ náà ń béèrè, ìyẹn bí ọ̀sẹ̀ 25 tí ènìyàn bá ń fi wákàtí 40 ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ kan.

Kò sí ohun àjèjì níbẹ̀ fún wa. Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán kì í fi aṣọ oníbàárà bẹ̀rẹ̀, bébà ni yóò kọ́kọ́ máa gé, kí ó tó kan àkísà, kí ó tó wá kan ṣòkòtò ẹni tó sanwó. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò ju pé aṣọ tó bá bàjẹ́, a lè ra òmíràn.

Ọ̀kan nínú ohun tí ọ̀gá ń kọ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ni bí a ṣe ń fún agbára iṣan ní máàkì, láti òdo dé márùn-ún. Òdo ni pé iṣan kò mira rárá. Máàkì kan ni pé iṣan gbọ̀n pẹ́rẹ́, ẹni tó fọwọ́ lé e mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n apá kò kúrò lójú kan. Bó bá gba méjì, apá lè wọ́ lórí ibùsùn bí wọ́n bá bá a gbé ìwúwo rẹ̀. Ẹni tó gba mẹ́ta lè gbé apá rẹ̀ sókè fúnra rẹ̀. Ẹni tó gba mẹ́rin lè gbé e sókè bí ẹlòmíràn tilẹ̀ ń tì í wálẹ̀ díẹ̀. Márùn-ún ni ti ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Gbogbo èyí kò kún ojú ewé kan nínú ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè há a sórí kí ó tó jẹun tán. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàrin òdo àti máàkì kan, ìka ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n ju ojú lọ, ó sì di ìgbà tí ọmọ bá ti fọwọ́ kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ apá tó rọ kí ó tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré fún ẹni tó ni apá. Ẹni tó gba máàkì kan, ọ̀nà láti ọpọlọ dé ibẹ̀ kò tíì dí tán. Ẹni tí wọ́n bá fi àìmọ̀ kọ òdo fún, wọ́n lè má ṣe wàhálà lórí apá yẹn mọ́.

RÍRO, TÍTA ÀTI KÍKÚ KÌ Í ṢE Ọ̀KAN NÁÀ

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń le jù fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣan, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wọn ní kíláàsì. Ìyá àgbà tó jókòó níwájú wọn, Yorùbá ló gbọ́, ó sì lè jẹ́ Yorùbá Oǹdó, ti Ìjẹ̀bú tàbí ti Òkè-Ògùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wá láti ibi tí wọn kì í ti í sọ Yorùbá rárá. Àwọn tó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá, tí wọ́n dàgbà sí ìgboro, àwọn mìíràn nínú wọn kò mọ̀ ju ká kí ènìyàn káàárọ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀, ìyá yìí kò sọ̀rọ̀ lásán. Bó bá ní ẹ̀yìn ń ro òun, ohun tó ń sọ ni ìrora tó jókòó sójú kan, bíi ti ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ sórí ebè láti àárọ̀. Bó bá ní ó ń ta òun, tó sì ń ta láti ìdí wá sí itan títí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ó lè jẹ́ pé nǹkan kan ń fún iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára láti ẹ̀yìn lọ sí ẹsẹ̀. Bó bá ní ẹsẹ̀ ń kú, tàbí ó ń rìn òun bí èèrà, ibi tí iṣan náà kò ti ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ ni wọn yóò máa wá. Bó bá ní ó máa ń gan láàárọ̀, tí yóò sì tú bí òun bá ti rìn díẹ̀, oríkèé ni wọn yóò kọ́kọ́ wò. Bó bá wá sọ pé ẹsẹ̀ méjèèjì ń kú, abẹ́ òun náà ń kú, òun kò sì mọ ìgbà tí ìtọ̀ ń jáde mọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ra ẹ̀yìn kankan. Kíá ni kí ó pe ọ̀gá rẹ̀, kí wọ́n sì pe dókítà, nítorí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni, ìdádúró sì lè mú kí ìyá náà má rìn mọ́ láéláé. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo kọ gbogbo ìwọ̀nyí sínú fáìlì ti sọ ìdajì àyẹ̀wò náà nù.

Àwọn olùkọ́ ti rí i. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn olùwádìí ti túmọ̀ ìwé ìbéèrè kan tó gbajúmọ̀ káàkiri ayé, ti Roland àti Morris, sí Yorùbá. Ìbéèrè 24 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì dá lórí ohun tí ẹ̀yìn dídùn kò jẹ́ kí ènìyàn lè ṣe. Ní Ìbàdàn, àwọn olùkọ́ fisiotẹ́rápì ṣe òdiwọ̀n tiwọn fún àwọn tí orúnkún tàbí ìbàdí ń dùn, kí ó lè bá ìgbé ayé wa níhìn-ín mu. Ohun tó dára ni. Ìyá tó lè gun àtẹ̀gùn ṣùgbọ́n tí kò lè kúnlẹ̀ kí àgbà, tàbí bàbá mùsùlùmí tí orúnkún kò jẹ́ kí ó forí kanlẹ̀ kírun, ara kò tíì yá lójú tirẹ̀, ohun yòówù kí ìwé òyìnbó wí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ náà wà níbẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ogún ọdún ló fẹ́ ní kí ẹni àádọ́rin ọdún bọ́ aṣọ, kí ó gbé ẹsẹ̀ sókè, kí ó tún un gbé. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa á kọ́kọ́ tẹríba tàbí kúnlẹ̀, á ní, “Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú ara líle, bàbá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ọ̀gá mi ló ní kí n wá wo ẹsẹ̀ yín. Ṣé ẹ óò gbà mí láyè?” Bàbá tó ti ń bínú láti àárọ̀ lè máa rẹ́rìn-ín níbẹ̀, kí ó sì béèrè ọmọ ta ni. Èyí tó kàn dé tó ki ẹsẹ̀ àgbà mọ́lẹ̀ láìkí i, èsì tí yóò gbà kò ní dùn mọ́ ọn nínú, kò sì sí ẹni tí yóò bá a kẹ́dùn.

ALÁÌSÀN LÈ NÍ ÒUN KÒ FẸ́

Ọ̀pọ̀ kò mọ èyí. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2014, ní kí òṣìṣẹ́ ìlera ṣàlàyé àìsàn fún ẹni tó ń ṣe, kí ó sọ irú ìtọ́jú tó wà, ewu tó wà níbẹ̀ àti iye tí yóò ná an, kí ó sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé ó lè kọ̀. Bó bá ti ṣeé ṣe, èdè tó yé aláìsàn ni kí wọ́n fi sọ ọ́, kí wọ́n sì wo bí ìwé tó kà ṣe mọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣojú ọ̀gá rẹ̀ kò yọ sílẹ̀ nínú èyí. Aláìsàn lè béèrè orúkọ rẹ̀, ó lè béèrè ta ni ọ̀gá rẹ̀ àti ibi tó wà, obìnrin sì lè ní obìnrin ẹgbẹ́ òun ni òun fẹ́ kí ó tọ́jú òun.

Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó kọ̀, ó yẹ kí ó mọ ohun tó ń kọ̀. Ọ̀gá tó ní èrò tó tò dé ìta kò lè pẹ́ lórí ẹnì kan. Akẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó ti bàbá kan fún wákàtí kan gbáko, kí ó kọ́ ọ bí a ṣe ń yí padà lórí ibùsùn, bí a ṣe ń jókòó láìgbẹ́kẹ̀lé ẹnikẹ́ni, bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ tó dá gbé èyí tí kò dá. Àwọn aláìsàn kan wà tó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ tiwọn ni wọ́n ń béèrè bí wọ́n bá tún dé, tí inú wọn sì máa ń bàjẹ́ bí wọ́n bá gbọ́ pé ó ti ṣí lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn.

ÈRÒ PỌ̀, Ọ̀GÁ KÒ TÓ

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ kò fara sin. Yunifásítì tó ń kọ́ fisiotẹ́rápì ti pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ, ti ìjọba àti ti aládàáni, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀ka tó gbòòrò tó láti kọ́ wọn kò pọ̀ sí i bẹ́ẹ̀. Níbi tí èyí bá ti ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọ a máa pọ̀ lórí aláìsàn kan, ẹnì kan á fọwọ́ kàn án, àwọn yòókù á máa wo ẹ̀yìn orí ara wọn. Àwọn ọ̀gá tó yẹ kí wọ́n kọ́ wọn náà ń dín kù, nítorí wọ́n ń kọrí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà àti Amẹ́ríkà. Àwọn tó ṣẹ́ kù, orí iṣẹ́ aláìsàn tiwọn ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ olùkọ́ lé.

Ìdásẹ́sílẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ní 2018, ẹgbẹ́ JOHESU tó kó àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà jọ dáṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 44. Ní 2020, kòrónà lé akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní wọ́ọ̀dù. Ní 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì wà lórí ìdásẹ́sílẹ̀ láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó pàdánù ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì lè fi òru ka ìwé rẹ̀. Èyí tó pàdánù ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní wọ́ọ̀dù, kò sí ìwé tó lè kà tí ìka ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ ohun tí kò fọwọ́ kàn.

Àwọn aláìsàn fúnra wọn ti yàtọ̀ sí ti ọjọ́sí. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ ní ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún sẹ́yìn, ọmọ tí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sọ di arọ ni wọ́n ń rí lójoojúmọ́, tí wọ́n ń fi irin àti awọ dè lẹ́sẹ̀ kí ó lè dìde. Nàìjíríà rí kòkòrò àrùn náà, èyí tó jẹ́ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kẹ́yìn ní 2016, nígbà tó sì di oṣù kẹjọ 2020 wọ́n kéde pé Áfíríkà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ mìíràn ló kún ẹ̀ka ọmọdé báyìí. Púpọ̀ nínú wọn, ọpọlọ wọn ló fara pa nígbà ìbí tí ìrọbí pẹ́ jù, tàbí láti inú àìsàn tó ń mú kí ojú àti ara ìkókó pọ́n bí ìyeyè, tí àwọn òbí rò pé oòrùn àárọ̀ yóò lé lọ. Àwọn kan wà tí wọ́n bí pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó yí sínú. Àwọn yẹn kì í sábà nílò iṣẹ́ abẹ ńlá bí wọ́n bá tètè gbé wọn wá. Ọ̀nà tí Ignacio Ponseti, dókítà ará Spain tó ṣiṣẹ́ ní Iowa ní Amẹ́ríkà, fi lélẹ̀ ni wọ́n ń lò. Wọ́n ń fọwọ́ tún ẹsẹ̀ náà ṣe díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi P.O.P. dè é, wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ bí ìgbà márùn-ún sí méje, lẹ́yìn náà ọmọ á máa wọ bàtà onírin sùn lóru títí yóò fi tó bí ọmọ ọdún mẹ́rin. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ níbẹ̀, nítorí ẹni tó bá kánjú lè ba eegun tó ṣì rọ̀ jẹ́.

Èyí tó ń dun ni jù nínú wọn ni ti abẹ́rẹ́. Ibà mú ọmọ, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò kọ́ṣẹ́, ó gún un lábẹ́rẹ́ ní ìdí níbi tí kò yẹ, abẹ́rẹ́ náà sì bá iṣan ńlá tó ń lọ sí ẹsẹ̀. Ibà lọ, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀. Àwọn kan nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń padà bọ̀ sípò lẹ́yìn oṣù púpọ̀, àwọn kan kì í padà. Ẹ̀gbẹ́ itan ló yẹ kí wọ́n máa gún ìkókó sí.

OHUN TÍ WỌ́Ọ̀DÙ KÒ LÈ KỌ́ WỌN

Ibùsùn gíga, ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, irin tí a fi ọwọ́ dì mú lọ́tùn-ún àti lósì: níbẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ aláìsàn bí a ṣe ń rìn. Ibi tí aláìsàn náà ń padà sí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹní ni yóò sùn sí nílẹ̀, ìlóṣòó ni yóò fi lo ilé ìyàgbẹ́ tó wà lẹ́yìnkùlé, ẹrẹ̀ ló wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà òjò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò dé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí yóò fún un ní ọ̀pá onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí kò lè kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ìdí kan rèé tí ọ̀pọ̀ fi ń rìn dáadáa ní ọsibítù, tí wọ́n sì tún di ẹni à ń gbé láàrin oṣù mélòó kan tí wọ́n délé.

Yunifásítì Ìbàdàn ti fi ọ̀nà kan hàn ní ti àwọn dókítà. Láti 1963 ni wọ́n ti ń rán àwọn tó ń kọ́ ìṣègùn òyìnbó lọ sí Ìbàràpá, tí wọ́n ń gbé ní Igbó-Ọrà, kí wọ́n lè rí àìsàn níbi tí àìsàn ti ń mú ènìyàn. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ fisiotẹ́rápì ní, kí ó má sì jẹ́ ti ọjọ́ méjì mẹ́ta lásán. Kò gba ẹ̀rọ olówó iyebíye. Ilé tí ọmọ yóò sùn, ọkọ̀ tí yóò gbé e, ọ̀gá kan tí yóò bá a lọ, àti yàrá kan ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ni. Ìjọba ìbílẹ̀ tó fẹ́ lè ṣe é.

Kí ìyẹn tó dé, àwọn nǹkan kan wà tí àwọn ọmọ yìí ń kọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọn lọ́dọ̀ àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú, tí ará ilé èyíkéyìí náà sì lè mọ̀. Wọn kì í fa apá tó rọ kí wọ́n fi gbé aláìsàn dìde, nítorí èjìká lè yẹ̀. Ìrọ̀rí ni wọ́n ń gbé apá náà lé bó bá jókòó. Wákàtí méjì méjì ni wọ́n ń yí ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, kí egbò má baà jẹ ẹ́ ní ìbàdí. Wọn kì í fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ tó ti kú, torí ó lè bó kí aláìsàn má sì mọ̀. Wọn kì í sì dúró dìgbà tí ara bá “balẹ̀” kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bí dókítà bá ti ní kò séwu, wọ́n ń jókòó rẹ̀ dìde, ìbáà ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ti àwọn tó ń to eegun nílé náà ń dé wọ́ọ̀dù. Wọn kì í ṣe aláìmọ̀ọ́ṣe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n bí igi àti okùn tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ bá le jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ìka. Ìka tó tutù, tó ń dúdú, tí ìrora rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i, kí wọ́n tú u lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pàdé àwọn tí kò tètè tú u, tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ wọn. Bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ kan àti ọ̀pá méjì rìn ni ó kù tí wọ́n lè kọ́ wọn.

Ìdánwò àṣekágbá, iwájú aláìsàn gidi ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹni tó bá yege kò tíì gba òmìnira. Ọdún kan gbáko ni yóò tún fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá ní ilé ìwòsàn kan, àwọn mìíràn sì ń dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó rí àyè. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbìmọ̀ yóò fún un ní ìwé àṣẹ, tí yóò sì lọ sin ilẹ̀ baba rẹ̀ fún ọdún kan. Ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké, ìgbà tí irú agùnbánirọ̀ bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sọ́dọ̀ wọn nìkan ni wọ́n ń rí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí nítòsí. Bó bá bọ́ khákì rẹ̀ tó lọ, àwọn aláìsàn rẹ̀ a tún máa wá owó ọkọ̀ ìgboro, tàbí kí wọ́n jókòó sílé.